Ẹnì Kan Láti Òṣogbo

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù kìíní, 2015

Bámijí ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa kọ̀wé síta ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa tọ́jú ohun tó bá rí láàárín ọ̀sẹ̀, torí pé bí kànga bá gbẹ, bó ti wù kí korobá tóbi tó, òfìfo ni yóò bá bọ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní Jeppestown ló wá ń kọ́ mi níṣẹ́ ìkọ̀wé báyìí, èmi olùkọ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ṣì dúró: Ọjọ́bọ̀ méjìléláàádọ́ta, ọ̀rọ̀ méjìléláàádọ́ta lórí búlọ́ọ̀gù mi, ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, láì pa ọ̀kan jẹ. Mo ti kọ mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wọn ló jáde kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Kí n kọ àwọn òfin mi síbí nítorí ọjọ́ tí ọ̀lẹ bá fẹ́ gbé mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni jíjí. Ìwé àti gègé ni mo fi ń kọ́kọ́ kọ, kí n tó lọ sórí kọ̀ǹpútà. Fèyíkẹ́ ìyàwó mi gbọ́dọ̀ kà á kó tó jáde, nítorí ojú nọ́ọ̀sì kì í fo egbò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò ní sùúrù fún àwọn tó ń yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù kìíní

Ìkejìdínlógún ti jáde. Eyín tó ń dùn mí ni mo fi ṣe ọ̀rọ̀, àti dókítà eyín ní Kensington tó bi mí bóyá àwa ọmọ Nàìjíríà la máa ń fi eyín ṣí ìgò. Fèyíkẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń kà á. Ó fa igi pa gbólóhùn kan tí mo fi bú dókítà náà.

"Bàbá Tósìn, ẹni tó tún máa ki irin bọ̀ yín lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ̀ ń bú yìí?"

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù kìíní

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kà á. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun ní Braamfontein, ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìdájọ́ ohunkóhun. Síbẹ̀ mo ti ṣí òǹkà búlọ́ọ̀gù yìí wò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí n tó jẹun àárọ̀.

Òǹkà náà máa ń sọ ìlú tí òǹkàwé wà. Èkó pọ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, àwa ará ibí náà wà. Ẹni tó ń yà mí lẹ́nu ni ti Òṣogbo. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kì í wá ní Ọjọ́bọ̀ rí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, á sì lo ìṣẹ́jú méjìlélógún lórí ohun tí ẹlòmíràn kà tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ fún Fèyíkẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ń fi bírò pupa wá àṣìṣe mi. Fèyíkẹ́ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ẹ̀ ló ń sùn lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kejì

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Jeppestown. Bọ́tìnnì tí mo fi ń tẹ àmì abẹ́ ẹ ti kú, mi ò sì lè máa kọ Yorùbá bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ yọ. Bámijí yí i sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́, kí lẹ fi ń tẹ kiní yìí? Òòlù?"

"Ìbínú ni."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tú u. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kọ́ńbọ́ọ̀dù lọ, ó wà láàárín Jesse tó ń jó irin géètì àti ibi tí MaDlamini ti máa ń ta magwinya, àkàrà fulawa wọn tó jọ pọfupọ́ọ̀fù wa. MaDlamini kò sí níbẹ̀ lónìí. Ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní KwaZulu, ó ti lọ wẹ ọmọ. Bámijí ń ráhùn pé láti ọjọ́ tó ti lọ ni òun kò ti rí oúnjẹ àárọ̀ gidi jẹ, pé obìnrin náà máa ń kó mẹ́ta pamọ́ fún òun, á sì máa pe òun ní "mntanami", ìyẹn ọmọ mi.

Ó ní òun ka ọ̀rọ̀ eyín. "Ó dùn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Gbàgà! Ó ti wà ní pálọ̀."

Mo ní àwọn òǹkàwé ayé òde òní ò ní sùúrù.

"Àwọn kan ní sùúrù o. Màmá mi kí yín. Wọ́n ní ṣé eyín yín ti fúyẹ́?"

"Ta ló lọ sọ̀rọ̀ eyín mi fún Màmá ní Ìbòkun?"

Kó tó dáhùn, oníbàárà kan ti wọlé pẹ̀lú fóònù tó fọ́. "Eish, bhuti, two days," ó wí fún un, pé kí arákùnrin náà padà wá ní ọjọ́ méjì. Ẹni náà ní ṣáápù, pé ó dáa, ó lọ. Mo rí i pé Bámijí ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun láti ìjẹta. Mo ní kó wá sílé kí Fèyíkẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejì

Ogún. Kò dára, ṣùgbọ́n ó jáde ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kejì

Iná tún lọ. A sá fún NEPA nílé, NEPA gba físà tẹ̀lé wa. Fèyíkẹ́ ti lẹ ìwé àkókò tí wọ́n máa ń mú iná mọ́ ara fíríìjì, òun ni mo ń fi ṣètò ọ̀sẹ̀ mi báyìí: tí wọ́n bá fẹ́ mú un ní mẹ́fà, mo gbọ́dọ̀ ti parí ní márùn-ún ààbọ̀, torí bátìrì kọ̀ǹpútà mi kò lè gbé ogójì ìṣẹ́jú mọ́. Yìnyín já lọ́sàn-án. Gbogbo robot, iná tó ń darí ọkọ̀, tó wà lọ́nà ilé ló kú, oníkálukú ń wa ọkọ̀ bó ti rí lójú rẹ̀. Owó epo ọkọ̀ ti wálẹ̀, ti tòmátì kò wálẹ̀.

Mo pe Tósìn, ọmọ wa, ní Cape Town, mo bi í bóyá ó ka ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Daddy, it's so long. I'll read it in the holidays." Mi ò bínú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì pariwo "eish" sí i létí, igbe ìyàlẹ́nu àwọn ará ibí. Ó ní, "Fúnṣọ́, ta nìyẹn?" Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló papò dà. Mo rò pé ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn, kí ẹnì kan nílé má baà bi mí mọ́ pé ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹnì kan náà, tí ìyá mi kò sí mọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kejì

Bámijí kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kejì

Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, kò dìde mọ́. Jesse ló bá a. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Fèyíkẹ́ gbọ́ ọ, ó lọ mú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa kóra jọ ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn Aládùúrà tí Bámijí ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àkànjí, bá wa sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn lórí fóònù. Òun àti àwọn ẹbí yòókù fara mọ́ ọn pé ibí la ó sin ín sí. Màmá wọn kò tíì gbọ́. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni Àkànjí àti àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta máa lọ sí Ìbòkun láti lọ túfọ̀ fún wọn bó ṣe yẹ. Ìyá ìjọ, Màmá Magdalene, fi ìka lé ètè, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó di Sátidé. Kí oníkálukú pa ẹnu ẹ̀ mọ́."

Gbogbo wa fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà fọwọ́ bo tèmi.

Ọjọ́rú, 25 oṣù kejì

A sin ín. Ilẹ̀ pupa, oòrùn tó mú, ọkọ̀ òfúrufú tó fò kọjá lórí wa nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Àkànjí ti ní kí a má ya fọ́tò sàréè náà, torí a kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Jesse wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti jó àgbélébùú irin kékeré kan wá, àpá iná ṣì wà lára irin náà. Mo sunkún níwájú gbogbo ènìyàn, ojú kò tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kejì

Aago méjìlá ọ̀sán ni mo jókòó, n kò sì dìde títí di márùn-ún. Ìkejìlélógún. Gbogbo rẹ̀ ń jáde bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é fún mi kọ: bọ́tìnnì ẹ, magwinya, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń fọwọ́ ra, ìsìnkú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí: "Lánàá, a sin Ọlábámijí sí ìlà kẹtàdínlógún, lábẹ́ igi kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, láàárín àwọn tí kò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà." Mi ò tíì kọ èyí tó dára tó o rí.

Fèyíkẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di mẹ́sàn-án. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ. Iná máa lọ ní mẹ́fà. Òfin méjì wá ń bá ara wọn jà: kí Fèyíkẹ́ kà á, kí ó sì jáde kí mẹ́fà tó lù. Mo rò ó pé àṣìṣe àmì ni Fèyíkẹ́ sábà máa ń rí, mo sì tún un kà fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ Màmá Magdalene wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí kò mọ̀wé, kí ló kàn án kan búlọ́ọ̀gù? Mo fi síta ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Iná lọ, inú mi sì dùn nínú òkùnkùn pé mo ṣe ọ̀rẹ́ mi lẹ́yẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kejì, àárọ̀

Irinwó ó lé méjìlá! Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni Òṣogbo dé ní aago mẹ́jọ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré ló lò. Bóyá dátà rẹ̀ ló tán.

Ọjọ́ kan náà, ọ̀sán

Kì í ṣe dátà.

Àkànjí pè mí ní aago mọ́kànlá. Kò kí mi. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé inú yín dùn báyìí?" Mi ò lóye. Ó ní Safurat, tíṣà tó jẹ́ ayálégbé ìyá òun ní Ìbòkun, ni ó máa ń ka ìwé mi sí Màmá létí ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bámijí ló ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló ń fi dátà ránṣẹ́ sí Safurat ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀; ti àná, Safurat fúnra rẹ̀ ló rà á. Màmá máa ń fẹ́ gbọ́ bí ibí ṣe rí, pàápàá tí mo bá ti dárúkọ ọmọ wọn. Láàárọ̀ yìí, Safurat jókòó tì wọ́n bó ti máa ń ṣe, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ ò tilẹ̀ fi ìlà kan ṣáájú ẹ̀," Àkànjí wí. Ó ń sunkún. "Ìlà kan péré! Ọmọbìnrin yẹn ì bá ti rí i kó tó dé ẹnu ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì mi. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ fún ìyá àgbà tó fẹ́ kí wọ́n tún ibì kan kà. Òun ló bèèrè eyín mi. Òṣogbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìbòkun ti ń wá. Òun ni ẹnì kan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kejì

Mo ti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti dà á kọ sórí WhatsApp, ó ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn àgbà náà lọ sí Ìbòkun lónìí láti lọ sọ ohun tí Màmá ti mọ̀. Wọ́n ní kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Màmá Magdalene wá sílé wa. Kò jókòó, kò mu omi.

"Mo ní kí ẹ pa ẹnu yín mọ́."

"Màmá, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Ọwọ́ ẹ ló sọ ọ́. Ṣé ọwọ́ ẹ kì í ṣe tìẹ ni?"

Nígbà tó lọ, Fèyíkẹ́ ń kó àwọn ife tí ẹnikẹ́ni kò mu. Mo sọ fún un pé mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun rí i. "Ẹ ò dúró dè mí, Bàbá Tósìn." Ó gbé àwọn ife náà lọ sí ilé ìdáná.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Mi ò kọ nǹkan kan. Aago mẹ́fà lù, ó kọjá. Mo ti pinnu pé n ó pa búlọ́ọ̀gù náà rẹ́ pátápátá ní òpin oṣù.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹta

Mo ṣí òǹkà, torí ojú tí kò gbọ́ràn. Òṣogbo: ẹnì kan, aago mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rọ̀ eyín ni wọ́n ṣí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta

Ó tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọdún Kérésì ni, níbi tí Bámijí ti fẹ́ fi iná Jesse yan ẹran, tó sì jó irun ojú rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ti oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí mo bá a wọ tasí lọ sí Soweto, tó fi Sulú tó kọ́ lẹ́nu MaDlamini bá awakọ̀ jà. Gbogbo ibi tí Bámijí wà ni wọ́n ń wá kiri.

Mo fi han Fèyíkẹ́. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó bá ń bá yín jà kì í wá jókòó síwájú ilé yín ní gbogbo Fúráìdeè."

"Ẹ̀rù ń bà mí láti pè wọ́n."

"Ó yẹ kó bà yín. Ẹ pè wọ́n náà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Mo kọ́kọ́ pe Àkànjí, mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ó ń rí mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó fún mi ní nọ́ńbà Safurat.

Safurat ní, "Ẹ má bínú, sà." Èmi ló ń bẹ̀, èmi tó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́! Ó ní bí òun ṣe máa ń kàwé sókè nìyẹn, bí òun ṣe ń ka ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì òun. "Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí ojú mi tó rí i. Mo gbọ́ ọ létí ara mi bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Màmá ní, 'Tún un kà.' Mi ò lè tún un kà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní ó ti tó. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún Màmá.

Ohùn wọn kò ga. "Fúnṣọ́. O ṣe mí léṣe. Mi ò ní torí pé o pè mí kí n purọ́ fún ẹ. Àgbà mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ rán sí mi. Wọn ì bá ti jókòó, wọn ì bá ti bèèrè oko, bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ọkàn mi ì bá ti fura díẹ̀díẹ̀ kó tó gbọ́. Tìẹ wọlé láì kí mi."

Ìgbà náà ni mo mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tí Bámijí fi ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún sí mi létí, tèmi tó mi," Màmá wí. "Wọ́n ní o ti yọ ọ́ kúrò. Ó dáa. A kì í fi sàréè ọmọ han òbí, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tó wà, má sọ ọ́ fún mi mọ́ láéláé. Ibi tó ti rìn ni kí o sọ. Ọdún mọ́kànlá lọmọ mi fi gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ rí i. Èmi, fóònù ni mo fi rí i. O kàn dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀ méjì. Ṣé o fẹ́ kí n máa gbọ́ eléyìí tó ti gbó títí n ó fi kú ni?"

Mo ní rárá, Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹta

Láti Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kọ ọ́ ní ìdájí. Ohun tí mo fa igi pa pọ̀ ju ohun tí mo fi sílẹ̀ lọ. Mo mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ síta nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, mi ò mọ bí a ṣe ń jókòó tì í. Èmi tí bàbá mi kọ́ ní ìkíni kí n tó mọ̀wé kọ!

Aago márùn-ún lù, ó ti parí. Fèyíkẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó di àárọ̀ kó tó dé. Mo wo aago mẹ́fà bó ti ń bọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ se ìrẹsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Fèyíkẹ́ wọlé ní mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi jókòó tì í. Bó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Safurat, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbòkun? Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ òògùn? Níbí, òtútù ti ń yọjú láàárọ̀, ewé ti ń pọ́n lórí igi. Irú àárọ̀ báyìí ni Bámijí fẹ́ràn. Á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde, á rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ bá ìyá kan tó ń jẹ́ MaDlamini, tó máa ń kó magwinya mẹ́ta pamọ́ fún un."

Ó kà á dé ìparí. Gbólóhùn kan ló fa igi pa, èyí tí mo tún fi ń tọrọ ìdáríjì.

"Ẹ ti bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo fi síta ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò fún ọ̀rọ̀ náà ní nọ́ńbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fi dátà ránṣẹ́ sí Safurat, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo parí kíláàsì àárọ̀ ni mo tó ṣí òǹkà. Òṣogbo: ẹnì kan. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.

Kò pẹ́ tí Safurat fi kọ̀wé sí mi. "Màmá ní ẹ ṣé. Wọ́n ní kí n bi yín: ìyá tó ń ta magwinya yẹn, ṣé wọ́n ti sọ fún un?"

Mi ò mọ̀. Mi ò rò ó rí. Mo pe Jesse. Ó ní MaDlamini dé láti KwaZulu lánàá, ó ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì ìdí tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, òun sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Eish, I couldn't, Prof. You must come."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹta

Ó wà níbẹ̀, ó ń fi síbí yí magwinya nínú òróró. Ó rí mi, ó yọ̀, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì, ó fẹ́ bèèrè. Magwinya mẹ́ta wà nínú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dì wọ́n.

Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í. Mo kí i. Mo bèèrè ìrìn àjò, mo bèèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́hùn-ún, mo bèèrè ọmọ rẹ̀ tó bímọ, mo ní orúkọ wo ni wọ́n sọ ọmọ tuntun. Ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó rọra gbé síbí sílẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tún bèèrè ọmọ tuntun.